Iná Orí Ẹ̀rọ Tẹ́tẹ́: Ìtàn Ohun Tí Ó Pààrọ̀ Iṣẹ́

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé bí ó ti wù kí ọ̀ràn kan bani nínú jẹ́ tó, kò yẹ kí ó dí ènìyàn lójú débi tí kò fi ní rí ohun tí ó wúlò níwájú rẹ̀. Ó jọ pé irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ìlú New York ní Amẹ́ríkà fi wo ọ̀ràn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ní ọdún 1942. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ẹ̀rọ pinball tí ó wà ní ilé ọtí àti ilé ìtajà káàkiri ìlú. Pinball yìí jẹ́ àpótí onígíláàsì tí bọ́ọ̀lù irin kékeré ń sáré kiri nínú rẹ̀. Owó ẹyọ ni ènìyàn ń fi sí i lára kí ó tó lè ta á. Fiorello La Guardia, tí í ṣe méyọ̀ ìlú náà nígbà náà, ní owó oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ẹ̀rọ náà ń gbé mì. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, irin sì wọ́n. Wọ́n fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà, wọ́n kó irin inú wọn fún iṣẹ́ ogun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ igi tí wọ́n fi dúró kò ṣòfò: kùmọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n fi í gbẹ́. Ohun tí ó gbé tẹ́tẹ́ ró ní àná di ohun tí a fi ń lé onítẹ́tẹ́ ní òní.

Ìtàn kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè ńlá kan dìde, ìbéèrè tí ó kan olùkọ́ ju bí ó ti kan ọlọ́pàá lọ. Bí a bá ṣe ohun kan fún iṣẹ́ tí kò dára, ṣé inú ohun náà ni àbùkù ń gbé ni, tàbí ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó? Ohun tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ láti dá ìbéèrè yìí lóhùn ni iná pupa kéékèèké tí ń kọ nọ́ńbà sí ojú ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ òde òní, iná tí gbogbo ayé mọ̀ sí LED. Láti ọjọ́ tí a ti kọ́kọ́ rí i ni ó ti ń ti ọwọ́ iṣẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ iṣẹ́ mìíràn, ó sì ti di ohun tí ó lè wọ kíláàsì wá bá àwọn ọmọ.

Kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tí a ti ń yọ ọ́. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Charles Fey, ọmọ Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì tí ó ṣí lọ sí ìlú San Francisco, ṣe ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kan tí ó pè ní Liberty Bell. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, àwòrán sì wà lára kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn á ju owó ẹyọ sínú ihò, á fa apá irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa yí. Bí agogo mẹ́ta bá tò sórí ìlà kan náà, ẹ̀rọ á pọ àádọ́ta sẹ́ńtì. Bí wọn kò bá sì tò, owó lọ nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ fi rí i pé àwọn tálákà ni ẹ̀rọ yìí ń gbò jù. Ìlú San Francisco fi òfin dè é ní ọdún 1909, gbogbo ìpínlẹ̀ California sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1911. Ní ọdún 1934, La Guardia kan náà gbé òòlù ńlá lé irú ẹ̀rọ yìí lójú àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn, ó sì ní kí wọ́n kó àfọ́kù wọn dà sínú omi. Ẹni tí ó bá fi ọdún 1934 wé ọdún 1942 yóò rí i pé ọgbọ́n ti wọ inú ìbínú: ní ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ ló ṣòfò sínú omi, ní ìgbà kejì, irin àti igi rí iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Òòlù kò pa ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ run. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Bally gbé èyí tí ń lo agbára iná mànàmáná jáde. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà kékeré wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1984, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Inge Telnaes, gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tuntun kan tí ó yí gbogbo ọ̀ràn náà padà. Láyé Fey, kẹ̀kẹ́ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò jẹ. Bí kẹ̀kẹ́ mẹ́ta bá wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi ìdúró 22, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dúró jẹ́ 10,648, ẹni tí ó bá mọ ìṣirò sì lè jókòó kí ó ṣírò oríire rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ Telnaes, kọ̀ǹpútà ni ó ń yan nọ́ńbà ní ìkọ̀kọ̀, láti inú iye tí ó lè pọ̀ ju ibi ìdúró kẹ̀kẹ́ lọ fíìfíì. Kẹ̀kẹ́ kàn ń dúró síbi tí a bá ní kí ó dúró ni. Ojú ń rí 22, inú ẹ̀rọ sì ń ka iye mìíràn. Láti ìgbà náà ni ohun tí ó hàn lójú ẹ̀rọ àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ti pínyà.

Ní àkókò yìí ni nọ́ńbà pupa tí ń tàn gba ojú ẹ̀rọ náà kan. Ọ̀kan ń sọ iye tí ó kù fún ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́, òmíràn ń sọ iye tí ó fi lélẹ̀, òmíràn sì ń sọ iye tí ó jẹ. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá jẹ, owó á máa dún gbàràgàdà bọ́ sínú àwo irin. Bí àpò rẹ̀ bá sì ń fúyẹ́, ara rẹ̀ á sọ fún un. Ní báyìí, nọ́ńbà kàn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Owó ti di iná, ẹni tí iná ń wọ̀ lójú kì í sì í tètè mọ̀ pé owó ọmọ òun ni ó ń jó lọ. Iṣẹ́ tí a rán iná náà nìyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yìí ni a bí i fún.

Ìbí iná náà jìnnà sí ilé tẹ́tẹ́. Ní ọdún 1891, ará Amẹ́ríkà kan, Edward Acheson, ń wá ọ̀nà àtifi ọwọ́ ṣe díámọ́ńdì nínú iná ìléru. Kò rí díámọ́ńdì, ṣùgbọ́n ó rí ohun dúdú dídán kan tí ó le gan-an, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní carborundum. Iṣẹ́ tí ó fi í ṣe ni iṣẹ́ òkúta ìpọ́nbẹ: a fi ń pọ́n irin, a fi ń dán ohun líle. Ní ọdún 1906, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Henry Dunwoody, rí i pé ègé òkúta yìí lè gba ohùn mú láti inú afẹ́fẹ́, ó sì sọ ọ́ di ohun èlò asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọdún 1907, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Joseph Round, tí ń bá Marconi ṣiṣẹ́, fi agbára iná mànàmáná volt 10 sí ègé òkúta náà. Sí ìyàlẹ́nu rẹ̀, òkúta náà tàn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú. Nínú àwọn ègé mìíràn, ó rí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Ó kọ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ kan, kò sì tẹ̀ ẹ́ síwájú mọ́.

Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kà ni Oleg Losev, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Rọ́ṣíà tí kò tíì kàwé ní yunifásítì nígbà tí ó wọ ilé ìwádìí asọ̀rọ̀mágbèsì ní ìlú Nizhny Novgorod gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ onípò kékeré. Láàárín àwọn ọdún 1920, òun náà rí ìmọ́lẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ṣe ju kí ó wò ó lọ. Ó wọ̀n ọ́n, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kì í ṣe gbígbóná ni ó mú òkúta náà tàn bí wáyà inú gílóòbù ti ń gbóná kí ó tó tàn, ó sì gbé ìwádìí rẹ̀ jáde léraléra. Díẹ̀ ni àwọn tí ó kà á sí. Ní ọdún 1942, ní ìlú Leningrad tí àwọn ọmọ ogun Jámánì dó tì, ebi pa Losev kú. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ pinball di kùmọ̀ ní New York. Kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé ìtàn méjèèjì yóò pàdé.

Ní ọdún 1962, Nick Holonyak, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, da gallium, arsenic àti phosphorus pọ̀, ó sì rí iná pupa tí ojú lè rí dáradára. Ọmọ àwọn àtìpó tí ó ti ìlà-oòrùn Yúróòpù wá ni Holonyak. Iṣẹ́ awakùsà èédú ni baba rẹ̀ ń ṣe. Ní ọdún 1968, ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard fi irú iná bẹ́ẹ̀ ṣe pátákó kékeré tí ń kọ nọ́ńbà. Ní ọdún 1972, George Craford, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Holonyak rí, ṣe èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti òdòdó yẹ́lò. Ọdún náà ni aago ọwọ́ oníwúrà kan tí a ń pè ní Pulsar jáde, tí nọ́ńbà LED wà lójú rẹ̀. Dọ́là 2,100 ni iye rẹ̀. Àwọ̀ aró ni ó pẹ́ jù kí ó tó tàn dáradára. Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ní Nagoya, àti Shuji Nakamura ní ilé-iṣẹ́ Nichia, ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wá a ní ilẹ̀ Japan. Ní ọdún 1993 ni èyí tí ó mọ́lẹ̀ rekete jáde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014.

Nítorí náà, iná orí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ti jẹ́ òkúta ìpọ́nbẹ rí, ó ti jẹ́ etí asọ̀rọ̀mágbèsì, ó ti jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ọlọ́lá, kí ó tó wá di alágbàṣe onítẹ́tẹ́. Ohun tí ó bá ti pààrọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ìgbà karùn-ún yìí ni a wà yìí. Bí ilé tẹ́tẹ́ ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù bá ra ẹ̀rọ tuntun, wọn a máa ju èyí tí ó gbó nù. Àwọn onímọ̀ kéékèèké tí wọ́n fẹ́ràn láti máa tú nǹkan palẹ̀ a máa yọ pátákó iná ara wọn, wọn a sì fi ṣe aago, ohun tí ń sọ bí ilé ti gbóná tó, tàbí pátákó tí ń ka àmì ayò níbi ìdíje. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú ni èyí. Ohun tí ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ni kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń pè ní Arduino, èyí tí ó jáde ní ọdún 2005 ní ìlú Ivrea ní Ítálì. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ṣe é: àwọn olùkọ́ ń wá ohun tí kò wọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè fi kọ́ ẹ̀kọ́, nígbà tí wọn kò rí èyí tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ṣe tiwọn.

Bí iṣẹ́ náà ti rí kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ọ̀pá iná méje ni ó wà lójú nọ́ńbà kan: mẹ́ta ní ìdúbúlẹ̀, mẹ́rin ní ìdúró. Bí gbogbo wọn bá tàn, 8 ni; bí méjì ọwọ́ ọ̀tún nìkan bá tàn, 1 ni. Àmì kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ ni iná kẹjọ. Iná pupa kan fẹ́ bíi volt 2. Bí bátìrì tàbí ẹ̀rọ ìdarí bá mú volt 5 wá, volt 3 ṣẹ́kù tí yóò sun iná náà bí kò bá sí ohun tí yóò dá a dúró. Ohun tí ń dá a dúró ni resistor. Bí a bá fẹ́ kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ampere kọjá, a ó pín 3 sí 0.01, a ó sì rí ohm 300. Èyí tí ó súnmọ́ ọn lọ́jà ni ohm 330. Bí nọ́ńbà náà bá tóbi, ó ṣeé ṣe kí iná bíi mélòó kan tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀pá kan ṣoṣo, volt 5 kò sì ní ká a. Bí nọ́ńbà mẹ́rin bá wà lórí pátákó kan, ènìyàn lè rò pé wáyà 32 ni yóò gbà. Rárá, 12 tó: mẹ́jọ fún àwọn iná, mẹ́rin fún yíyan nọ́ńbà tí ó kàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn nọ́ńbà náà ń tàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń rí gbogbo wọn papọ̀. Ìtànjẹ ojú ni èyí náà, ṣùgbọ́n ìtànjẹ tí olùkọ́ lè tú palẹ̀ níwájú akẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í ṣe èyí tí a fi pamọ́ fún ẹni tí a fẹ́ rẹ́ jẹ.

Ibi kan sì wà tí pátákó kékeré yìí ti bá ọgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá pàdé. Iná mẹ́jọ ni ó wà lójú nọ́ńbà kan pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè tàn tàbí kí ó kú. Nítorí náà, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò jẹ́ 256, láìlé, láìdín. Babaláwo tí ó tẹ Ifá sórí ìyẹ̀rosùn a máa tẹ àmì sí ibi mẹ́jọ, ẹyọ kan tàbí méjì ní ibi kọ̀ọ̀kan. Iye odù tí ó sì lè jáde jẹ́ 256. Kì í ṣe pé ẹnìkan kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnìkejì. Ìṣirò kan náà ni ó bá àwọn méjèèjì nílé wọn. Ọmọ tí ó bá rí èyí kò tún ní rò pé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ àlejò pátápátá ní ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kalokalo ni a mọ ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ sí, láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin tí ó dè é. Kò wá yẹ kí olùkọ́ kan máa wá kalokalo kiri kí ó tó lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Irú pátákó iná kan náà wà lára aago orí tábìlì, òṣùwọ̀n ọlọ́jà àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn, àwọn wọ̀nyí kò sì wọ́n ní ilẹ̀ tí òkú ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti pọ̀ bí ewé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, ẹ̀rọ tí ayé jù nù tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 62, èyí tí a sì kó jọ tí a tún ṣe lọ́nà tí ó ní àkọsílẹ̀ kò pé ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń sun wáyà láti rí bàbà inú rẹ̀ ni èéfín rẹ̀ kọ́kọ́ ń wọ̀ nínú. Nàìjíríà ti ní ìlànà lórí ọ̀ràn yìí láti ọdún 2011, ṣùgbọ́n ìlànà kò lè dé ibi tí ìmọ̀ kò bá dé.

Ó tún yẹ kí a sọ ewu inú iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò lára iná ṣì lè ní agbára iná nínú tí ó tó láti gbé ènìyàn ṣubú. Àgbà ni kí ó tú u, kì í ṣe ọmọdé. Bátìrì àtijọ́ a máa yọ oje tí ń jẹ irin. Òjé wà nínú ohun tí wọ́n fi jó wáyà mọ́ pátákó, arsenic sì wà nínú iná pupa náà gan-an: a kò gbọdọ̀ fọ́ ọ, a kò gbọdọ̀ sun ún, kí oníkálukú sì fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Ní ọdún 1976, ìlú New York mú òfin tí ó de pinball kúrò. Ẹ̀rọ tí a fọ́ ní àná di eré tí òfin gbà láàyè. Èyí pẹ̀lú ń jẹ́rìí sí i pé ìdájọ́ ènìyàn lórí ohun èlò kì í dúró lójú kan. Ohun tí kì í yí padà ni pé ohun èlò kò mọ ẹni tí ó ń sìn. Iná tí ó ń ka owó tí ó ń lọ mọ́ baba lọ́wọ́ lè ka ìṣẹ́jú tí ó kù fún ọmọ nínú ìdánwò. Kò ní jó rẹ̀yìn nítorí èyí, kò sì ní tàn jù nítorí tọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ilé tẹ́tẹ́ àti ilé-ìwé. Ní ilé tẹ́tẹ́, ojú ẹ̀rọ nìkan ni a fi ń han ènìyàn, inú rẹ̀ wà ní títì pa. Ní ilé-ìwé, inú rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń ṣí. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú kí nọ́ńbà tàn, tí ó sì mọ ohun tí ó mú un tàn, yóò ṣòro fún nọ́ńbà mìíràn láti fi títàn nìkan tàn án jẹ.